Ajá Kékeré Ilẹ̀ Yorkshire

Ilé ọdẹ ni a bí mi sí. Ajá tí mo mọ̀ láti kékeré ni èyí tí ń sùn sí ìta, tí ń jẹ àjẹkù, tí ń bá bàbá mi wọ igbó, tí orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ òwe tí a fi ń sọ òkò ọ̀rọ̀ sí aládùúgbò. Nítorí náà, nígbà tí mo dé ìlú Bradford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2003 fún iṣẹ́ ìwádìí, tí mo rí ajá tí ìyá onílé mi ń gbé sórí itan, tí ó fi rìbọ́n di irun rẹ̀ ní àárín orí, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Ajá náà kò tó kílò mẹ́ta. Irun rẹ̀ ń dán bí ṣẹ́dà. Ọ̀wọ́ àwọn ajá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "toy", èyíinì ni ohun ìṣeré ọmọdé, ni wọ́n kà á mọ́. Mo gbà wọ́n gbọ́ títí di alẹ́ ọjọ́ kan tí ó fò mọ́ èkúté kan ní ilé ìdáná, tí ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ọrùn èkúté sì kán.

Orúkọ ajá náà ni Yorkshire Terrier. Ẹni tí ó fi èdè ṣiṣẹ́ jẹ kò lè ṣàì tú orúkọ wò. Ọ̀rọ̀ Faransé tí ó jẹ mọ́ ilẹ̀ ni "terrier" ti wá: ajá tí ń wọ ihò lépa ẹran ni. Orúkọ kan ń sọ ti eré, èkejì ń sọ ti iṣẹ́, èyí tí ó sì ń sọ ti iṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n.

Ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ahunṣọ ń ṣí láti Scotland wá sí Yorkshire, níbi tí ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ onírun àgùntàn ti ń pọ̀ sí i. Wọ́n kó àwọn ajá kéékèèké wọn dání. Èkúté kún inú ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí àti ihò ìwakùsà èédú. Ajá tí ó kéré tó láti wọ àlàfo, tí ó sì láyà tó láti bá èkúté wọ̀yá ìjà, ọrọ̀ tálákà ni. Wọ́n tún ń fi í ta tẹ́tẹ́: wọn a da èkúté sínú kòtò, wọn a sì ka iye tí ajá pa. Òfin ọdún 1835 fi òfin de fífi ajá bá màlúù àti béárì jà, ṣùgbọ́n kòtò èkúté kò kásẹ̀ nílẹ̀ bọ̀rọ̀. Àwọn aláwàdà a máa sọ pé orí òfì ni àwọn ahunṣọ ti hun irun ajá yìí.

Huddersfield Ben, tí a bí ní ọdún 1865, ni wọ́n kà sí baba ìran náà. Obìnrin ará Bradford kan, Mary Ann Foster, ni ó ni ín. Ben gba ẹ̀bùn níbi ìdíje ẹwà, ó sì gba ẹ̀bùn níbi ìdíje èkúté pípa. Kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ni ó tẹ̀ ẹ́ pa ní ọdún 1871. Àwọn ọmọ rẹ̀ kéré jù ú lọ, àwọn obìnrin ọlọ́lá sì ń wá wọn kiri. Láti ìgbà náà, èyí tí ara rẹ̀ kéré tí irun rẹ̀ sì gùn ni àwọn tí ń sin ajá ń yàn. Ìlànà ìdíje òde òní ní kò gbọdọ̀ ju kílò 3.2 lọ. Wọ́n dín ara kù. Wọn kò rí ìwà dín kù.

Ẹ gbọ́ ti Smoky. Inú kòtò ológun kan ní New Guinea ni wọ́n ti rí i ní ọdún 1944, kò sì tó kílò méjì. Bill Wynne, ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ni ó rà á. Ní ọdún 1945, ní erékùṣù Luzon, wọ́n fẹ́ fa wáyà tẹlifóònù gba inú páìpù abẹ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú. Páìpù náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 70, íǹṣì mẹ́jọ péré ni fífẹ̀ rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ sì ti ya wọ inú rẹ̀. Wọ́n so okùn mọ́ Smoky lọ́rùn, Wynne ń pè é láti òdì kejì, ó sì já síbẹ̀. Kí ni èyí bí kò ṣe ajá tí ń wọ ihò?

Ṣùgbọ́n bí ìwà kò tilẹ̀ kéré, ara kéré lóòótọ́. Pẹ̀lú ìtìjú ni mo fi kọ́ èyí. Ìyá onílé mi lọ gba ìtọ́jú fún ọjọ́ méjì, ó fi ajá sí ìkáwọ́ mi. Bí ajá yìí ti rí ajá ńlá kan lójú pópó ni ó kọ lù ú. Èmi náà fa okùn ọrùn rẹ̀ bí mo ti ń fa ti ajá bàbá mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ìkọ́ náà ń dún bí ohùn pẹ́pẹ́yẹ, ojú rẹ̀ sì yọ síta. Mo gbé e sáré lọ bá dókítà ẹranko. Ó ní gògóńgò irú ajá yìí a máa rọ̀, a sì máa rún wọlé. Àyà ni kí á máa gbé okùn kọ́ fún un, kì í ṣe ọrùn. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe jẹ́ kí ó fò láti orí àga gíga nítorí orúnkún rẹ̀, pé eyín rẹ̀ há mọ́ra, kí á máa fọ̀ ọ́. Pé ọmọ rẹ̀ tí ebi bá pa pẹ́ lè dákú nítorí ṣúgà tí ó lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́ ni kí á máa bọ́ ọ. Irun rẹ̀ ń dàgbà bí irun ènìyàn. Bí a kò bá yà á lójoojúmọ́, yóò ta kókó.

Nígbà tí ìyá náà dé, mo jẹ́wọ́ fún un. Kò bínú. Ó ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ni òun ti ṣe ìgbà èwe òun, pé àwọn ajá ibẹ̀ kì í di rìbọ́n. Ó mú òòyà, ó gbé ajá sórí itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú kókó tí ó ti ta sínú irun rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì.