Wíwọn Ẹran Imú Tó Tún Hù Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Ẹran imú jẹ́ ẹran wíwú tó máa ń so rọ̀ láti ara awọ tó bo àwọn ihò inú egungun ojú. Ó rọ̀, ó ń dán bí ara kóró agbálùmọ̀, kì í dunni, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó ń dí imú, ó ń da kàtá sí ọ̀nà ọ̀fun, ó sì ń gba òórùn lọ́wọ́ ẹni.

Dókítà etí, imú àti ọ̀fun, irú èyí tó wà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ló ń gé e. Àmọ́ ẹran la gé, a ò gé wíwú ara awọ tó bí i, ìdí nìyẹn tó fi máa ń padà. Ẹni tó ní ikọ́ fée, tí ásípírínì tún ń bá ara rẹ̀ jà, ni tiẹ̀ ń yára padà jù. Irú wọn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún oògùn Alábùkún, torí ásípírínì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀pá tín-ínrín oníná ni wọ́n fi ń wo bó ṣe padà tó. Nínú ìwọ̀n Lund-Kennedy ti 1995, ihò imú tí kò ní ẹran gba 0; èyí tí ẹran rẹ̀ ò tíì kọjá ọ̀nà àárín imú gba 1; èyí tó ti kọjá ibẹ̀ gba 2. Wọ́n á tún wo wíwú, ọyún, àpá àti èépá.

Ìwé ìbéèrè SNOT-22 ni aláìsàn fúnra rẹ̀ ń dáhùn: ìbéèrè 22, 0 sí 5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 110. Ìwọ̀n méjèèjì kì í sábà bára dọ́gba. Elélùbọ́ ọjà Ọjà'ba lè gba 1 péré lójú dókítà, síbẹ̀ kó má gbóòórùn èlùbọ́ tó ti bàjẹ́. Ẹlòmíì á gba 2 níhà méjèèjì, á ní ara òun le, ẹnu ló ti fi ń mí tipẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo nínú 22 yẹn ló kan òórùn àti ìtọ́wò. Lójú tèmi, ó kéré fún ẹni tó ń fi imú jẹun.

Fífi omi iyọ̀ fọ imú àti oògùn stẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń fín síbẹ̀ ló ń dá ìpadàbọ̀ rẹ̀ dúró díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ihò imú kan péré ni ẹran hù sí, tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀, wọn kì í dúró fún máàkì: wọ́n á gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò bóyá jẹjẹrẹ ni.