Orúkọ Tí Mo Gé Kúrú: Bí Angular Ṣe Ń Wá Ohun Tí Kóòdù Nílò

Ìtàn orúkọ ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n inú kóòdù ló ti ṣẹlẹ̀.

Ní 2015, mo ṣe ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì kan fún ìyá aládìrẹ kan ní Òṣogbo, kí àwọn oníbàárà rẹ̀ lè máa yan aṣọ níbẹ̀. AngularJS ni mo fi kọ ọ́. Lórí kọ̀ǹpútà mi, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n dátà wọ́n, fóònù sì ni àwọn oníbàárà ń lò, ni mo bá fi irinṣẹ́ kan fún kóòdù náà pọ̀ kó lè fúyẹ́. Ìgbà tí Màmá ṣí i lórí fóònù wọn, ó funfun báláú. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ohun tí o ní kí n sanwó fún nìyí?" Ojú tì mí. Ohun tí mo rí nígbà tí mo délé ni "Unknown provider: aProvider".

Ẹ jẹ́ ká fi alásè òde ìnáwó wò ó. Òun kọ́ ló ń mọ ìkòkò, òun kọ́ ló ń gbin ata. Á kàn ka ohun tó nílò sílẹ̀, ẹni tó ń ṣe ìnáwó á sì pèsè rẹ̀. Dependency injection nìyẹn. Àpilẹ̀kọ tí Martin Fowler kọ ní 2004 ló jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn kálẹ̀. Miško Hevery, òṣìṣẹ́ Google, bẹ̀rẹ̀ AngularJS ní 2009, ẹ̀dà 1.0 sì jáde ní 2012.

Báwo ló ṣe ń mọ ohun tí function kan nílò? Á sọ function náà di ọ̀rọ̀ lásán, á wá ka àwọn orúkọ tó wà nínú àkámọ́ rẹ̀. Bó bá rí $http, injector á wo ibi ìpamọ́ rẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, á gbé e kalẹ̀. Bí kò bá sí, á wá provider tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, á ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré, á sì tọ́jú rẹ̀ de ẹlòmíràn tó bá tún béèrè.

Yorùbá ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Irinṣẹ́ tí mo lò ti gé $http kù sí a, ìjánu sì já. Injector ń wá ẹni tó ń jẹ́ a, kò sì sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé.

Aládìrẹ máa ń di ibi tí kò fẹ́ kí aró dé. Ohun tí mo ṣe náà nìyẹn: mo kọ orúkọ náà sáàárín àmì àyọlò, ṣáájú function. Irinṣẹ́ yẹn kì í fọwọ́ kan ohun tó bá wà níbẹ̀.

Nígbà tí Angular 2 jáde ní oṣù kẹsàn-án 2016, class fúnra rẹ̀ ti di kọ́kọ́rọ́. Ẹ gé orúkọ rẹ̀ kúrú, ẹni náà ṣì ni. Injector náà wá dà bí agbo ilé: component á kọ́kọ́ wo ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, á béèrè lọ́wọ́ òbí rẹ̀, á máa gòkè títí dé ọ̀dọ̀ baálé. Bí baálé ò bá ní in, ó tán nìyẹn: "No provider". Láti ẹ̀dà 9, ní 2020, compiler tí wọ́n ń pè ní Ivy máa ń kọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe class kọ̀ọ̀kan mọ́ class náà lára, kí ojú òpó tó dé orí fóònù yín.

Ní ọjọ́ kẹta, ojú òpó Màmá ṣí. Wọ́n ní kí n wá gba ìyókù owó mi. Láti ọjọ́ náà, ohun tí oníbàárà máa lò gan-an ni mo ń dán wò, lórí fóònù, kí n tó gbé e fún un. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó dìgbà o.