Èkó, Òṣòdì àti Àwa Ọlọ́jà

Ẹni tó ń tajà lórí ilẹ̀ kan, ó yẹ kó mọ ìtàn ilẹ̀ náà. Ìdí nìyí tí a fi kọ ìwọ̀nba yìí.

Ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Mobọ́lájí Johnson sì ni gómìnà àkọ́kọ́. Nínú ìpínlẹ̀ 36, ilẹ̀ tiwa ló kéré jù, ọ̀sà àti irà tún gba níbẹ̀. Ní 1991, olú-ìlú Nàìjíríà kó lọ Àbújá, ṣùgbọ́n ọjà ò bá wọn lọ. Èbúté Àpápá ṣì wà níbí.

Àwórì ló ni Ìsọlọ̀, Ọ̀sọlọ̀ sì ni ọba wọn. Orúkọ Òṣòdì, wọ́n so ó mọ́ Òṣòdì Tápà, ọmọ Núpé tó di balógun Ọba Kòsọ́kọ́, tó sì kú ní 1868. Ẹ ò rí i pé àtìgbà náà ni àlejò ti ń di onílé l'Ékòó? Rélùwéè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1896 gba Òṣòdì kọjá, títì ńlá tún wá pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí ọ̀nà bá ti pàdé, ọjà kì í pẹ́ dé. N'Ísọlọ̀, ilé-iṣẹ́ aṣọ Aswani ti kógbá wọlé, àmọ́ ọjà ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ọjà ò fìgbà kan rọrùn. Ní 1940, ìjọba òyìnbó fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin tó bá ń rí ju £50 lọ lọ́dún. Àlímọ̀tù Pẹlẹ́wùrà, ẹlẹ́ja tó jẹ́ olórí ọjà Eréko, tí kò kàwé, kó àwọn obìnrin jáde. Ìjọba sún un sókè sí £200. Nígbà ogun Hitler, wọ́n tún fi òté lé iye owó gàrí; àwọn ìyá ta kò ó títí wọ́n fi mú un kúrò ní 1945.

Ó dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Ní oṣù kìíní 2009, ìjọba kó àwọn ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ títì Òṣòdì kúrò. Oṣù kìíní 2016, wọ́n wó ọjà Owónifáàrí, wọ́n ní kí ọlọ́jà máa lọ sí Ìsọ̀pákódowó. Gáréèjì ńlá tuntun ṣí ní 2019. A ò ní purọ́, ọ̀nà já gaara ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọjà àwìn, tí ìsọ̀ rẹ̀ wó, ta ni yóò bá a san án?

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí: Pẹlẹ́wùrà ò dá nìkan jáde. Ẹ jẹ́ ká máa dá owó wa déédéé, ká tọ́jú rìsíìtì ìsọ̀, ká sì mú àwọn ọmọ wa wọ ẹgbẹ́. Katakata lè wó ìsọ̀, kò lè wó owó tó wà nínú káàdì ẹgbẹ́.

Ọjà á tà o. Ẹ̀mí wa á ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyé. Àmín.