Ìdáríjì

Bí olówó bá sọ fún ajigbèsè pé, "Mo fi jì ọ́," gbèsè tán nìyẹn. "Jì" yẹn náà ló wà nínú ìdáríjì. Gbèsè gbọ́dọ̀ ti wà kí wọ́n tó fi jini.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú ti ta kókó, torí ó lè ní òun ò jẹ gbèsè kankan.

Ní 1995, ìjọba ológun Sani Abacha ní Nàìjíríà mú Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọ̀gágun tó ti di olóko l'Ọ́tà. Wọ́n ní ó lọ́wọ́ nínú ìdìtẹ̀ gbàjọba. Ó ní irọ́ ni, àmọ́ wọ́n rán an lẹ́wọ̀n. Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, wà lára àwọn tó bá a bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì dín ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kù sí ọdún 15. Nígbà tí Abacha kú lóṣù kẹfà 1998, Abdulsalami Abubakar tó rọ́pò rẹ̀ dá Ọbásanjọ́ sílẹ̀, ó sì dárí jì í lẹ́yìn náà.

Ìdásílẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n, ìdáríjì ló pa ìdálẹ́bi rẹ́. Ní 29 oṣù karùn-ún 1999, wọ́n búra fún un gẹ́gẹ́ bí ààrẹ Nàìjíríà.