Abẹ́rẹ́ Tí Ń Mú Ẹyin Obìnrin Gbó

Ẹṣẹ́ kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ, kò tóbi ju ẹ̀wà lọ. Òun ló ń fi họ́mọ̀nù ránṣẹ́ sí ilé ẹyin obìnrin pé kí ẹyin gbó, kí ó sì já. Bí iṣẹ́ náà kò bá dé, oyún kò lè wáyé. Ní 1927, Selmar Aschheim àti Bernhard Zondek rí i ní Berlin pé ohun kan nínú ìtọ̀ aláboyún ń ta ilé ẹyin jí. Họ́mọ̀nù tí a ń pè ní hCG lónìí ni. Ẹyin tó ti gbó ló máa ń mú já. Èyí tí yóò tọ́ ẹyin dàgbà ló kù tí wọ́n ń wá.

Ẹ̀jẹ̀ abo ẹṣin tó lóyún ni wọ́n kọ́kọ́ lò, àmọ́ ara obìnrin ń gbógun ti ohun àjèjì náà. Ní Sweden, Carl Gemzell lo ẹṣẹ́ abẹ́ ọpọlọ tí wọ́n yọ lára òkú, ó sì mú ẹyin já ní 1958. Ewu ń bẹ níbẹ̀: lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àrùn Creutzfeldt-Jakob, tó ń ba ọpọlọ jẹ́, pa àwọn obìnrin kan tó gba irú abẹ́rẹ́ yìí ní Ọsirélíà. Wọ́n fòpin sí i níbẹ̀ ní 1985.

Róòmù ni ọ̀nà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ti wá. Bí nǹkan oṣù obìnrin bá dúró, ilé ẹyin kì í dáhùn mọ́, ẹṣẹ́ náà á sì máa tẹnu mọ́ ìpè rẹ̀, débi pé họ́mọ̀nù á máa bá ìtọ̀ jáde. Piero Donini, onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé iṣẹ́ Serono, fà á yọ nínú ìtọ̀ náà, ó sì pè é ní Pergonal. Nígbà tí dókítà Bruno Lunenfeld fẹ́ fi tọ́jú ènìyàn, rírí ìtọ̀ tó pọ̀ tó di ìṣòro, nítorí ti aláboyún kan ṣoṣo lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Giulio Pacelli, ọmọ ẹ̀gbọ́n Póòpù Pius Kejìlá, tó wà nínú ìgbìmọ̀ Serono, ló là á: kí wọ́n lọ sí ilé àwọn sístà àgbà ìjọ Àgùdà. Wọ́n ní ìtọ̀ sístà 10 fún ọjọ́ 10 ló ń lọ sí ìtọ́jú ẹnì kan. Àwọn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ àìlọ́kọ wá di ẹni tó ń bá ilé onílé wá ọmọ! Ní 1962, wọ́n bí ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí oògùn yìí mú wá ní Ísírẹ́lì.

Láàárín àkókò yìí kan náà ni clomiphene, oògùn oníhóró fún iṣẹ́ kan náà, jáde ní Amẹ́ríkà. Robert Greenblatt ròyìn iṣẹ́ rẹ̀ ní 1961.

Ìyá Louise Brown, ọmọ inú ìgò àkọ́kọ́ lágbàáyé ní 1978, kò gba abẹ́rẹ́ kankan; ẹyin kan ṣoṣo tó gbó fúnra rẹ̀ ni wọ́n mú. Pergonal ni Howard àti Georgeanna Jones lò ní Norfolk, Virginia, fún ọmọ inú ìgò àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, ní 1981. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń fún obìnrin ní hCG ní bíi wákàtí 36 kí wọ́n tó kó ẹyin.

Abẹ́rẹ́ lè mú ẹyin púpọ̀ gbó lẹ́ẹ̀kan, èyí tó lè di ìbejì tàbí ìbẹ́ta. Ní Ìbàdàn, Percy Nylander fi hàn ní àwọn ọdún 1970 pé họ́mọ̀nù FSH, èyí tó ń tọ́ ẹyin dàgbà, pọ̀ lára àwọn obìnrin tó ń bí ìbejì ju àwọn yòókù lọ: ohun tí abẹ́rẹ́ ń ṣe, ara tiwọn ti ń ṣe é.

Ní 1995, FSH tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ẹranko hámsítà ṣe ní ilé ìwádìí gba àṣẹ ní Yúróòpù. Síbẹ̀, ìtọ̀ àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró ni wọ́n ṣì ń fi ṣe abẹ́rẹ́ Menopur.