Long March 3B

Long March 3B jẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì agbẹ́rù alábọ́dé tí orílẹ̀-èdè Ṣáínà fi ń gbé sátẹ́láìtì lọ sí òfurufú. Ibùdó Xichang, ní ìpínlẹ̀ Sichuan, ló ti ń gbéra. Òun ló gbé sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀ méjèèjì tí Nàìjíríà ti ní: NigComSat-1 ní ọdún 2007 àti NigComSat-1R ní ọdún 2011.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ìpele mẹ́ta ni rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ní, pẹ̀lú rọ́kẹ́ẹ̀tì kéékèèké mẹ́rin tí wọ́n so mọ́ ìpele ìsàlẹ̀ láti ràn án lọ́wọ́ nígbà tó bá ń dìde. Bí epo ìpele kan bá tán, ìpele náà a já sílẹ̀, èyí tó wà lókè rẹ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àárín ilẹ̀ ni Xichang wà, kò sí létí òkun, nítorí náà àwọn ìpele ìsàlẹ̀ sábà máa ń já sórí ilẹ̀.

Ibi tí ẹrù rẹ̀ sábà máa ń lọ jìnnà tó nǹkan bí kìlómítà 36,000 sókè ìlà agbedeméjì ayé. Sátẹ́láìtì tó bá wà níbẹ̀ ń yí pẹ̀lú ayé ní ìwọ̀n kan náà, ó sì dà bí ẹni pé ó dúró sójú kan. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá gbé díìṣì sórí òrùlé ní Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà kì í fi í yí i kiri: bí ó bá jẹ́ NigComSat-1R ló fẹ́ gbà, yóò kọjú rẹ̀ sí ìhà ìlà-oòrùn, ó parí.

Ìtàn ìgbéra rẹ̀

Ìgbéra àkọ́kọ́ burú jáì. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1996, ẹ̀rọ atọ́nà rẹ̀ bàjẹ́, rọ́kẹ́ẹ̀tì náà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kété tó kúrò nílẹ̀, ó sì já lu ẹ̀gbẹ́ òkè kan nítòsí abúlé lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 22. Sátẹ́láìtì Intelsat 708 ṣègbé pẹ̀lú rẹ̀. Ìjọba Ṣáínà kéde pé ènìyàn mẹ́fà ló kú, ṣùgbọ́n àwọn kan nílẹ̀ òkèèrè kò gba iye yìí gbọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997, ó gbé Agila 2 ti Philippines dókè láìséwu.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 2007, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ní Nàìjíríà, NigComSat-1 gbéra. Ẹ̀yà tuntun tó lágbára jù, 3B/E, ni wọ́n lò, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì nìyẹn: ẹrù Nàìjíríà ni wọ́n fi dán an wò. Ó ṣe é láṣeyọrí. Wọ́n retí kí sátẹ́láìtì náà ṣiṣẹ́ fún ọdún 15, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2008, lẹ́yìn oṣù 18 péré, ó dákẹ́. Pánẹ́ẹ̀lì sólà tó ń fún un ní iná ló dẹnu kọlẹ̀. Àṣìṣe ni láti ka èyí sí ẹ̀ṣẹ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì, nítorí iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí lọ́jọ́ tó gbé ẹrù náà dé ojú ọ̀nà rẹ̀.

Adójútòfò wà lórí sátẹ́láìtì náà, nítorí náà Nàìjíríà kò tún san owó mìíràn kí wọ́n tó kọ́ NigComSat-1R. Kí ìyẹn tó gbéra, rọ́kẹ́ẹ̀tì yìí kan náà kọsẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2009: ìpele kẹta rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ, Palapa-D ti Indonesia sì ní láti fi epo tirẹ̀ gun òkè tó kù, èyí tó gé ọjọ́ ayé rẹ̀ kúrú. Ti Nàìjíríà kò bá irú rẹ̀ pàdé. NigComSat-1R dókè ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 2011.

Lẹ́yìn èyí, Long March 3B gbé Chang'e 3 (2013) àti Chang'e 4 (2018) lọ sí òṣùpá, ó sì gbé AlComSat-1 ti Algeria ní ọdún 2017. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, ìpele kẹta tún kùnà, Palapa-N1 ti Indonesia sì ṣòfò. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ó padà gbé sátẹ́láìtì tó parí ètò atọ́nà BeiDou ti Ṣáínà.