SSRF: Ọ̀nà tí olè ń gbà rán kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ níṣẹ́ burúkú

Ní ọjọ́ 29, oṣù keje, ọdún 2019, Capital One, ọ̀kan lára àwọn báńkì ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kéde pé ẹnì kan ti wọlé kó àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn tó tó mílíọ̀nù 100 ní Amẹ́ríkà àti mílíọ̀nù 6 ní Kánádà. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó kọ fọ́ọ̀mù pé àwọn ń fẹ́ káàdì báńkì náà láti 2005 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2019: orúkọ wọn, àdírẹ́sì wọn, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́ ìbí, àti iye tí wọ́n ní ó ń wọlé fún àwọn. Nọ́ńbà Social Security bíi 140,000 wà nínú ẹ̀, nọ́ńbà àkáǹtì báńkì bíi 80,000 sì tẹ̀ lé e.

Olè yìí ò fọ́ ilẹ̀kùn, kò sì jí páswọ́ọ̀dù òṣìṣẹ́ kankan. Kọ̀ǹpútà tí báńkì gbé kalẹ̀ pé kó máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gan-an ló rán wọlé, ìyẹn ló sì bá a gbé kọ́kọ́rọ́ jáde. Irú àlébù tó fàyè gba nǹkan báyìí làwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní SSRF.

Ẹ wò ó báyìí. Ọ̀pọ̀ áàpù ló máa ń ní kí èèyàn fi líǹkì fọ́tò kan ránṣẹ́, kí fọ́tò náà lè hàn lójú ìwé rẹ̀. Ẹni tó fi líǹkì sílẹ̀ kọ́ ló máa lọ gbé fọ́tò yẹn wá o, server áàpù náà ló máa lọ. Tó bá wá jẹ́ pé líǹkì tí wọ́n fi síbẹ̀ kì í ṣe ti fọ́tò ńkọ́? Tó bá jẹ́ àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà míì tó wà nínú ilé iṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀, tí ará ìta ò lè dé? Bí wọn ò bá ti kọ́ server náà láti yẹ líǹkì wò, ó máa lọ. Àwọn kọ̀ǹpútà inú ilé máa rí i bí ẹni tiwọn, wọ́n á sì dá a lóhùn.

Ó dà bí ìgbà tí àjèjì kan dúró sẹ́nu géètì, tó ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ lọ bá òun gbé àpótí tó wà ní yàrá bàbá wá. Àjèjì ò lè dé yàrá yẹn, ṣùgbọ́n ta ló máa dá ọmọ ilé dúró? Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù. Wàhálà tibí ni pé àwọn tó wà nínú ilé kì í béèrè ẹni tó rán ọmọ náà.

Àdírẹ́sì 169.254.169.254

Àlébù yìí ti wà tipẹ́, àmọ́ cloud ló sọ ọ́ di ńlá. Cloud ò ju kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ ń yá lò lọ́wọ́ Amazon, Google tàbí Microsoft lọ. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n yá yìí ní láti mọ orúkọ ara rẹ̀, ibi tó wà, àti kọ́kọ́rọ́ tó máa fi ṣiṣẹ́. Àdírẹ́sì kan wà nínú tó ti ń béèrè gbogbo ìyẹn: 169.254.169.254. Amazon ń lò ó, Google ń lò ó, Azure ti Microsoft náà ń lò ó. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù yín nílé, kò ní gbé yín dé ọ̀dọ̀ wọn, torí inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n yá nìkan ni wọ́n ti lè pè é. Lọ́dọ̀ Amazon nígbà yẹn, kọ̀ǹpútà tó bá ti pè é máa gba kọ́kọ́rọ́ onígbà díẹ̀ láìsí ìbéèrè kankan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Capital One nìyẹn ní ọjọ́ 22 àti 23, oṣù kẹta, 2019. Ìwé tí FBI gbé lọ sílé ẹjọ́ sọ pé àṣẹ mẹ́ta péré ni olè náà lò. Àkọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà yẹn, ìkejì ka orúkọ àwọn fọ́ldà tí kọ́kọ́rọ́ náà lè ṣí, tí wọ́n lé ní 700, ìkẹta sì kó ohun tó wà nínú wọn. Báńkì ò mọ̀ títí di ọjọ́ 17, oṣù keje, nígbà tí ẹnì kan fi ímeèlì ta wọ́n lólobó pé ẹrù wọn ti wà lórí GitHub. Orúkọ ẹni tó gbé e síbẹ̀ wà nínú àdírẹ́sì ojú ìwé náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tọpa rẹ̀ dé Seattle. Ẹnjiníà tó ti bá Amazon ṣiṣẹ́ rí ni. Agbẹjọ́rò ìjọba ní ó ti fi irinṣẹ́ tó ṣe fúnra rẹ̀ wọ ibi tó lé ní 30, Capital One sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

SSRF nìkan kọ́ ló dá báńkì yẹn lóró. Kí ni ọlọ́dẹ géètì ń fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rùsí ṣe? Sọ́fítíwíà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa yẹ àwọn tó ń wọlé wò, wọ́n fún un láṣẹ láti ka fọ́ldà tó lé ní 700. Ká ní àṣẹ tó mọ níwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fún un, olè ì bá gba kọ́kọ́rọ́, kó má sì rí ilẹ̀kùn tó máa ṣí.

Ní 2020, àjọ OCC tó ń bójú tó àwọn báńkì ní Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn 80 mílíọ̀nù dọ́là lé Capital One. Báńkì náà tún gbà láti san 190 mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn oníbàárà tó pẹjọ́. Ẹnjiníà yẹn jẹ̀bi ní 2022, adájọ́ ní àkókò tó ti lò látìmọ́lé ti tó, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ fún ọdún 5. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́mílọ́rùn fagi lé ìjìyà yẹn ní 2025, pé ó ti rọ̀ jù.

Ohun tí wọ́n ti ṣe sí i

Ní oṣù kọkànlá 2019, Amazon gbé ọ̀nà tuntun jáde, IMDSv2. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba tíkẹ́ẹ̀tì kó tó béèrè ohunkóhun, ìbéèrè tíkẹ́ẹ̀tì yẹn sì ní ìlànà tirẹ̀ tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àlébù SSRF ò lè tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n wọn ò pa ọ̀nà àtijọ́. Ọwọ́ oníbàárà ni wọ́n fi í sí láti tì í, ọ̀pọ̀ ni kò sì tì í.

Àwọn kan rò pé àwọn kàn lè kọ ọ́ sínú áàpù pé kò gbọdọ̀ lọ sí 169.254.169.254. Kò tó rárá. Ẹ lè kọ àdírẹ́sì yẹn kan náà bíi 2852039166, ibì kan náà lá gbé yín dé. Olè sì lè fi líǹkì tó mọ́ ránṣẹ́, kí líǹkì yẹn wá darí server sínú ilé lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò tán. Èyí tó dáa jù ni kí áàpù ní orúkọ àwọn ibi tó lè lọ, kó má sì lọ síbòmíì.

Cloud nìkan kọ́ ló sì ń ṣe. Ní 2021, irú àlébù yìí kan náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìkọlù sí Microsoft Exchange, sọ́fítíwíà ímeèlì tí àwọn ilé iṣẹ́ gbé sórí server tara wọn.

Ẹni tó ń lo áàpù báńkì ò lè fojú rí SSRF, páswọ́ọ̀dù tó le ò sì lè dí i. Ní Nàìjíríà, òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 sọ pé bí ìsọfúnni bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì lọ́nà tó lè pa ará ìlú lára, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó àjọ Nigeria Data Protection Commission létí láàárín wákàtí 72 tí wọ́n bá mọ̀. Bí ewu náà bá pọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn tó ni ìsọfúnni náà pẹ̀lú.